Okùn Pọ̀ l'Ápápá, Kì í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ló Lè Gba Ẹni Tó Já Látorí Àpáta

Okùn kò wọ́n l'Ápápá. Ọdún 1921 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńláńlá lè gúnlẹ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí èbúté Tin Can Island sì fi máa ṣí ní 1977, okùn, ṣéènì àti irin ìdẹrù ti di ọjà tí tọmọdé tàgbà àdúgbò náà mọ̀. Okùn ìsokọ̀ wà, okùn ìdẹrù wà, bẹ́líìtì tí kéréènì fi ń gbé ẹrù wà, hẹ́mẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ sì wà ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ẹni tó bá tún rìn síwájú dé Boundary ní Ajégúnlẹ̀ yóò bá òkìríkà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ: bàtà, báàgì, bẹ́líìtì, aṣọ eré ìdárayá tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó kí wọ́n tó kó o wá.

Ohun tí kò sí ní àdúgbò méjèèjì ni àpáta. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ wọn. Ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ tó bá fẹ́ gun òkúta gidi yóò gbéra lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta, yóò wọ rélùwéè ní ibùdó Mobolaji Johnson, yóò sì sọ̀ ní ibùdó Wole Soyinka ní Abẹ́òkúta, ìlú àpáta Olúmọ. Tàbí kó forí lé Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ti ń gbé èèyàn lọ sí ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Eré ìdárayá yìí kò ṣàjèjì sí Ìdànrè: nígbà ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mimiko, àjọ̀dún Mare kó àwọn tó ń gun òkè jọ síbẹ̀.

Àtẹ̀gùn kò nílò okùn. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, omi àti fìlà ti tó fún un. Ẹni tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ni ẹni tó fẹ́ kúrò lórí àtẹ̀gùn, tó fẹ́ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun ojú àpáta, tó sì ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó máa kọ́ ọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó wà nítòsí, ohun tó sì wà nítòsí l'Ápápá ni ohun èlò òṣìṣẹ́ èbúté. Ó nípọn, ó lágbára, owó rẹ̀ kò sì pani lára. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe láti gbé ẹrù, tàbí láti di òṣìṣẹ́ mú síbi iṣẹ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣe láti gba ènìyàn tó ń já bọ̀ látòkè. Orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ríra ohun èlò dá lé.

Adẹ́mu ló lè jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Yorùbá ti ń gun ọ̀pẹ kí okùn nylon tó dé, igbà sì ni ohun èlò wọn. Igbà yí igi ọ̀pẹ ká, ó yí ẹ̀yìn adẹ́mu ká. Adẹ́mu fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi, ó sì fẹ̀yìn ti igbà. Bó ṣe ń gòkè ló ń ju igbà sókè. Láti ìdí ọ̀pẹ títí dé abẹ́ màrìwò, ìwúwo rẹ̀ wà lára igbà, okùn kì í dẹ̀ láàárín òun àti igi. Igbà tó le, tí kì í fà, ló dára fún irú iṣẹ́ yẹn. Bẹ́líìtì tí òṣìṣẹ́ iná fi ń so ara rẹ̀ mọ́ òpó náà, ọgbọ́n kan náà ni.

Agunpáta kì í fara lé okùn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé e, okùn kàn ń tẹ̀ lé e ni, ó ń dúró de ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ló ṣíwájú, tó ti fi mítà méjì kọjá ibi tó so okùn mọ́ gbẹ̀yìn, ó kéré tán mítà mẹ́rin ni yóò já kí okùn tó mú un: méjì láti padà dé ibi tó so ó mọ́, méjì mìíràn nísàlẹ̀ ibẹ̀. Gbogbo eré tí ara ti kó ní mítà mẹ́rin yẹn gbọ́dọ̀ parí síbì kan. Bí okùn bá ń fà, okùn ni yóò gbà á díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá fà, eegun ẹ̀yìn, ìbàdí àti irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta ni yóò gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí nìyẹn tí okùn ìsokọ̀ kò fi yẹ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó nípọn tó. Púpọ̀ nínú okùn tí wọ́n ń tà létí omi jẹ́ polypropylene, ike fífúyẹ́ tó ń léfòó, ohun tó dára gan-an fún ọkọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ ẹ́, ooru kò sì bá a lára mu: nǹkan bí 165 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́, okùn tó bá sì ń sáré họ okùn mìíràn lè gbóná dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nylon lágbára lórí ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fà. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo okùn nylon ni okùn àpáta.

Kí nylon tó dé, okùn tí wọ́n fi fọ́nrán ewéko lọ́ ni àwọn agunpáta Yúróòpù ń lò, òfin wọn sì ni pé ẹni tó ṣíwájú kò gbọ́dọ̀ já rárá, nítorí okùn náà lè gé mọ́ ọn. Ogun Àgbáyé Kejì ló mú nylon wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1953, ilé iṣẹ́ Edelrid ní Jámánì gbé okùn tó ní inú àti èèpo jáde: fọ́nrán tín-ín-rín lọ́pọ̀ yanturu ló wà nínú tó ń ru ìwúwo, èèpo híhun sì wà lóde tó ń gba híhọ àpáta. Àjọ àgbáyé àwọn tó ń gun òkè, UIAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chamonix ní 1932, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lu okùn tó bá yege ìdánwò ní àwọn ọdún 1960.

Ìdánwò náà kì í ṣe ti ẹnu. Wọ́n á so irin tó wúwo tó 80 kg mọ́ okùn, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀. Ó kéré tán, okùn àdálò gbọ́dọ̀ gba irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà márùn-ún kó tó lè gé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, agbára tó ń fa irin náà kò gbọ́dọ̀ ju 12 kN lọ, okùn kò sì gbọ́dọ̀ fà ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ kN kò ní láti bẹ̀rù: 1 kN fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ẹrù 100 kg tó so rọ̀ lójú kan.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé okùn kalẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ rà á, orí okùn ni kó kọ́kọ́ wá. Orí méjèèjì ni ilé iṣẹ́ máa ń fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ wé, ara ike yẹn ni ìwé ẹ̀rí okùn wà. Nọ́ńbà 1 tó wà nínú róbótó túmọ̀ sí pé okùn kan ṣoṣo tó fún ènìyàn kan. Bí ó bá jẹ́ ½ ló wà nínú róbótó, okùn méjì ni wọ́n ń lò pọ̀, àkọ́bẹ̀rẹ̀ kò sì nílò rẹ̀. Nọ́ńbà EN 892 ni ti okùn tó ń fà, EN 1891 ni ti okùn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fà, tí àwọn tó ń fọ wíńdò ilé gíga àti àwọn adóòlà ń lò. Méjèèjì lè jọra lójú, kí wọ́n jọra lọ́wọ́, kí owó wọn sì súnmọ́ra. Ìwé ẹ̀rí orí okùn ló ń yà wọ́n. Okùn tí orí rẹ̀ ti gé, tí kò ní àmì kankan, kí oníbàárà dá a padà fún ọlọ́jà, bí ọlọ́jà tilẹ̀ búra pé orijínà ni.

Fún àkọ́bẹ̀rẹ̀, okùn tí sísanra rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 9.5 sí 10.2, tó gùn tó mítà 60, ló dára jù. Èyí tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ máa ń yọ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ okùn í dì mú, ó sì tètè ń họ. Irú okùn mítà 60 yìí máa ń wúwo tó nǹkan bí kílò mẹ́rin. Ẹni kan lè rù ú láti Ajégúnlẹ̀ dé Ìdànrè láìjẹ́ pé èjìká bó.

Lẹ́yìn okùn ni bẹ́líìtì ara, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní háánẹ́ẹ̀sì. Ibí gan-an ni àkọ́bẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣìnà, nítorí háánẹ́ẹ̀sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò ààbò lágbègbè èbúté, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ojúlówó. Èyí tí wọ́n fi EN 361 sí lára máa ń gba èjìká kọjá, ó ń gba itan kọjá, òrùka irin sì wà lẹ́yìn láàárín èjìká méjèèjì. Ó ní ìdí. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ntẹ́nà ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́ níwájú, okùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn kó má dí i lọ́wọ́. Okùn kúkúrú tó máa ń bá a rìn ní ìdì aṣọ kan tó máa ń ya díẹ̀díẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá já, kí agbára tó dé ara rẹ̀ má ju 6 kN lọ. Ìyẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí okùn tó ń fà ń ṣe fún agunpáta.

Kí agunpáta wá so okùn mọ́ òrùka ẹ̀yìn yẹn, wàhálà dé. Bó bá já, yóò dojú kọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé okùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní rí àpáta tẹ̀. Bẹ́líìtì tirẹ̀ ni EN 12277, tó di ìbàdí àti itan méjèèjì mú, tí ojú ìsokùn rẹ̀ wà níwájú. Ojú ìsokùn yẹn jẹ́ méjì, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan láàárín itan, okùn sì gbọ́dọ̀ gba inú méjèèjì kọjá. Aṣọ róbótó tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n ń fi karabínà (ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú) kọ́ nígbà tí wọ́n bá ń di okùn mú fún ẹlòmíràn.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, lórí irú ṣòkòtò tó máa wọ̀ lọ sórí àpáta. Bẹ́líìtì ìbàdí gbọ́dọ̀ jókòó sókè eegun ìbàdí, kó sì dì débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè fi agbára fà á kọjá eegun yẹn wálẹ̀. Bó bá dẹ̀ jù, ẹni tó bá já tí orí rẹ̀ yí sísàlẹ̀ lè yọ jáde nínú rẹ̀. Ti itan lè dẹ̀ díẹ̀. Bí àyè bá wà, kó so rọ̀ nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi tí yóò bá gé e lára yóò hàn kíákíá. Ọmọdé tí kò tíì ní ìbàdí gidi nílò èyí tó gba gbogbo ara, tí ojú ìsokùn rẹ̀ wà ní àyà.

Ọ̀rọ̀ àlòkù kò gbọdọ̀ rú ẹnikẹ́ni lójú níbí. Todd Skinner jẹ́ ọ̀kan lára àwọn agunpáta tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ní àfonífojì Yosemite, ó so rọ̀ sórí okùn níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, aṣọ róbótó iwájú bẹ́líìtì rẹ̀ sì já. Ó kú. Aṣọ náà ti họ tipẹ́, wọ́n ti rí i pé ó ti họ, bẹ́líìtì tuntun sì ti wà lọ́nà. Bí ọ̀gá àgbà bíi tirẹ̀ bá lè bá a lọ báyìí lórí bẹ́líìtì tó mọ ìtàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ni àkọ́bẹ̀rẹ̀ ń wá lórí bẹ́líìtì tó bá nílẹ̀ ní Boundary, tí kò mọ ẹni tó lò ó, tí kò mọ ohun tó dà sí i, tí kò sì mọ ọdún tó ti wà lóòrùn? Ohunkóhun tí wọ́n fi aṣọ tàbí okùn ṣe, tí ẹ̀mí yóò so mọ́, tuntun ni kó rà. Petzl ti ilẹ̀ Faransé, tó ń ṣe irú ohun èlò wọ̀nyí, sọ pé ohun tí wọ́n fi aṣọ tàbí ike ṣe kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ì báà tilẹ̀ jẹ́ inú àpótí ló wà. Ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára pátákó aṣọ kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú bẹ́líìtì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni CE máa ń wà pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin, ìyẹn nọ́ńbà àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí CE bá dá dúró láìní nọ́ńbà lórí irú nǹkan báyìí, kí oníbàárà fura.

Hẹ́mẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ṣe EN 397 kí nǹkan tó bá já látòkè má fọ́ orí. Okùn àgbọ̀n rẹ̀, tó bá tilẹ̀ ní, gbọ́dọ̀ já sílẹ̀ bí agbára tó wà láàárín ìwúwo kílò 15 sí 25 bá fà á, kí irin tó bá kọ́ hẹ́mẹ́ẹ̀tì má fún òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ti agunpáta, EN 12492, òdìkejì rẹ̀ ni: okùn àgbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró dé nǹkan bí ìwúwo kílò 50, nítorí ẹni tó ń já lè fi orí gbá àpáta lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, hẹ́mẹ́ẹ̀tì kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Akọ òkúta ni Olúmọ àti òkè Ìdànrè, èèpo irú òkúta bẹ́ẹ̀ sì máa ń bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ tó di okùn mú nílò hẹ́mẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó wà lókè. Òkìríkà kò sí nínú èyí náà, nítorí hẹ́mẹ́ẹ̀tì tó ti gbá nǹkan rí lè ti sán nínú láìhàn lóde.

Karabínà ni irin róbótó tó ní ẹnu tó ń ṣí. Ní Èkó, oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà, láti èyí tí wọ́n fi ń kọ́ kọ́kọ́rọ́ dé èyí tí wọ́n fi ń so ẹrù. Ti àpáta ní nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó kó tó kà wọ́n. Nọ́ńbà tó ní ọfà gígùn kò gbọ́dọ̀ kéré sí 20 kN: agbára rẹ̀ nìyẹn bí wọ́n bá fà á ní gígùn. Èyí tó ní ọfà ìbú máa ń jẹ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn bí okùn bá lọ gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni agbára rẹ̀ bí ẹnu bá ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà méjì ìgbẹ̀yìn yìí yóò rí ìdí tí ẹnu karabínà tó so mọ́ ara ènìyàn fi gbọ́dọ̀ ní títì, tí ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ tì í tán kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ṣákù irin tó kún àgbàlá èbúté kì í ṣe aláìlágbára, ó lè gbé tọ́ọ̀nù. Ó kàn wúwo ni, bẹ́ẹ̀ ni okùn tó ń lọ tó ń bọ̀ lára bóòtù rẹ̀ lè tú u láìfura. Méjì tàbí mẹ́ta nínú karabínà onítìí ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Karabínà yìí ló ń gbé ìjánu okùn, irin kékeré tí okùn ń gbà kọjá tí ẹni ìsàlẹ̀ fi ń dá ẹni òkè dúró. Èyí tó rọrùn jù ni oníhò méjì tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ATC. GriGri tí Petzl gbé jáde ní 1991 máa ń ran ọwọ́ lọ́wọ́: ó ń gán okùn fúnra rẹ̀ bí okùn bá sáré lójijì. Owó rẹ̀ ga, ó sì ń sọ àwọn kan di aláìbìkítà. Fún àkọ́bẹ̀rẹ̀, ATC ni kó fi kọ́ ọ, kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé òun kò gbọ́dọ̀ kúrò lára okùn. Kó sì rí i dájú pé sísanra okùn rẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n kọ sára ìjánu.

Bàtà ni ọ̀rọ̀ Ajégúnlẹ̀ ti dùn. Àdúgbò tó tọ́ Odion Ighalo dàgbà kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu ṣe ń rí. Bàtà bọ́ọ̀lù kò wúlò lórí àpáta o, eyín rẹ̀ yóò yọ̀. Bàtà àpáta ní rọ́bà pẹlẹbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, kò ní eyín, kò sì sí ìbọ̀sẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ń rà á dán an wò lọ́sàn-án, nígbà tí ooru ti mú ẹsẹ̀ wú díẹ̀. Ọmọ ìka gbọ́dọ̀ kan orí bàtà láì ká kò débi ìrora, nítorí ìrora ni yóò jẹ́ kó bọ́ ọ jù síbì kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Èyí nìkan ni ènìyàn lè rà ní òkìríkà nínú gbogbo ẹrù yìí. Bí irú rẹ̀ bá yọjú ní Boundary, kó wo etí rọ́bà níwájú níbi ọmọ ìka ńlá: bí rọ́bà bá ti tán tí aṣọ ti ń yọ, kó fi sílẹ̀. Aránbàtà Mobil Road lè rán ẹ̀gbẹ́ tó ya, ṣùgbọ́n bó bá fi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà lásán rọ́pò rọ́bà náà, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹni tí kò rí owó bàtà rárá lè fi kámbáàsì tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ rírọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tó rọrùn.

Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń gbẹ òógùn ọwọ́ jẹ́ magnesium carbonate. Ti ilé ìwé kò ṣe iṣẹ́ yẹn, páúdà ọmọdé sì tún burú jù, torí yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀.

Owó gbogbo rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan ní láti dá rà. Bàtà, hẹ́mẹ́ẹ̀tì àti bẹ́líìtì ni ti oníkálukú, ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Okùn, ìjánu àti karabínà lè jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún dá àjọ lé e lórí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gun okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn ni kí wọ́n rà gbẹ̀yìn, nígbà tí olùkọ́ bá ti fọwọ́ sí i pé wọ́n mọ kókó í ta. Kókó kan wà tí ẹni gbogbo gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó náwó, èyí tí okùn yí padà bíi nọ́ńbà 8, tí orí rẹ̀ sì tún tọ ipa ara rẹ̀ padà. Lynn Hill, ọ̀kan lára àwọn agunpáta obìnrin tó lókìkí jù lágbàáyé, fi ọ̀rọ̀ sísọ gbàgbé láti parí kókó rẹ̀ ní Buoux, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní 1989. Ó já ju 20 mítà lọ. Igi ló gbà á, ó sì yè. Ohun èlò rẹ̀ kò ní àléébù kankan lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ gòkè àti ẹni tó fẹ́ di okùn mú yẹ ara wọn wò: kókó, ìdè bẹ́líìtì, ìjánu, títì karabínà, ní gbogbo ìgbà, kí ẹ̀gbọ́n máa yẹ àbúrò wò, kí àbúrò sì máa yẹ ẹ̀gbọ́n wò láìbínú.

Kí wọ́n tó ta okùn sí ibikíbi pẹ̀lú, kí wọ́n gba àṣẹ. Ibi àbẹ̀wò ni Olúmọ, ojúbọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Orí òkè Ìdànrè náà, ìlú àwọn baba kan ló wà níbẹ̀.

Ìtọ́jú ohun èlò ní Àpápá le ju ti ìlú mìíràn lọ, nítorí iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun, epo ọkọ̀ ńlá àti omi bátìrì. Omi bátìrì ló léwu jù. Ásíìdì inú rẹ̀ máa ń jẹ nylon débi pé okùn tí ojú kò rí àbàwọ́n lára rẹ̀ lè já pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni má ti okùn tàbí bẹ́líìtì sábẹ́ ìjókòó dáńfó tí bátìrì wà, kí wọ́n má sì gbé e lé bútù tí gálọ́ọ̀nù epo ti dà sí rí. Inú àpò tirẹ̀ ni kó wà, lórí itan ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ti dé, kí wọ́n fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ ṣan karabínà, kí wọ́n fọ okùn tó dọ̀tí láìlo ọṣẹ líle, kí wọ́n sì sá a síbòòji, kì í ṣe lórí páànù.

Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan jókòó, kó gba okùn náà la ọwọ́ kọjá láti orí kan dé orí kejì, láìyára. Ojú lè tàn án, ìka kì í tanni. Ibi tó bá rọ̀ ju ìyókù lọ, tó ká kòrókòró láìṣe róbótó bó ti yẹ, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ibi tó bá le gbagidi, ooru tàbí oògùn kan ló ti dé ibẹ̀. Ibi tí èèpo bá ti ya tí funfun inú ń yọjú kò nílò àlàyé. Kí wọ́n ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n rà á sí, àti ìjábọ́ ńlá tó bá gbà.

Nígbà tí ọjọ́ okùn bá wá pé, kí wọ́n má kàn jù ú sí ààtàn. Ní Ajégúnlẹ̀, ohun tó bá dé ààtàn láàárọ̀ lè dé ọwọ́ ọlọ́jà kó tó di alẹ́, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò sì fẹ́ gun nǹkan pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ tí kò ju mítà kan lọ, kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ojú ìsokùn bẹ́líìtì méjèèjì, kí wọ́n sì yọ pátákó tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀. Okùn mítà kan ṣì wúlò fún ìdẹrù lórí kẹ̀kẹ́, fún síso àpò ìrẹsì, fún kíkọ́ ta kókó pàápàá. Kò sí ẹni tó lè gun àpáta pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.